Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Aṣọ Ìgbà Èwe Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù

Bóyá ẹ ń retí pé kí á sọ̀rọ̀ nípa oyè, tàbí nípa ogun tí àwọn baba ńlá wa jà. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn tóbi, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ sì ti ń sọ ọ́. Èyí tí àwa mú wá kéré lójú: ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti aṣọ tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ nígbà tí ara wa ṣì wà ní ọ̀dọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé eré ni a bá wá. Àwọn àgbà ní, “Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.” Nípa àkísà yẹn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tí ó fi àgbà ju ọmọdé lọ ni ohun tí ó ti lò rí tí ó sì rántí. Bí àgbà bá kó àkísà rẹ̀ dà sí ààtàn tí kò sì lè sọ bí aṣọ náà ti rí nígbà tí ó jẹ́ tuntun, kí ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi pe ara rẹ̀ ní àgbà?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀. Rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ọ̀nà tí ìjọba là láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ní nǹkan bí ọdún 1906, sì wà lára àwọn ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ilẹ̀ gbà ní ilẹ̀ wa. Ní Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, ọmọ ilẹ̀ wa kan, W. A. Dawodu, ti ń ta ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́, ó sì ń tún wọn ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé òyìnbó nìkan ni ó mọ ìdí ọkọ̀ nígbà náà kò mọ ìtàn. Àwọn baba wa kò sì jẹ́ kí ohun àjèjì náà wà láìlórúkọ. Wọ́n gbọ́ bí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń bú ramúramù, wọ́n wo èkejì tí ń yọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì pè é ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Orúkọ náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa títí di òní.

Nínú gbogbo ọkọ̀ ìgbà náà, bọ́lẹ̀kájà ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ bu ọlá fún. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti irin abẹ́ rẹ̀ ti ń wá, Bedford ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́. Ṣùgbọ́n orí irin náà ni àwọn káfíńtà wa ti ń kan ilé ọkọ̀: pákó ni ògiri rẹ̀, pákó ni òrùlé rẹ̀, pákó gbọọrọ sì ni ìjókòó rẹ̀. Àwọn èrò a kọjú sí ara wọn, orúnkún a máa gbá orúnkún, agbọ̀n adìẹ a wà lábẹ́ ẹsẹ̀, àpò gàrí a wà lórí itan. Orúkọ rẹ̀ sọ ìwà rẹ̀: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Bí káfíńtà bá ti ṣe tirẹ̀ tán, akunlé yóò wá kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú orí ọkọ̀: “Kò sí ọba bí Ọlọ́run,” tàbí “Orí ló ń ṣe é.” Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jẹ́ pé ara bọ́lẹ̀kájà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èdè Yorùbá ní kíkọ lẹ́yìn ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti Bíbélì. Ẹ fi ọkàn sí èyí dáadáa: a kò rọ ẹ́ńjìnnì náà, ṣùgbọ́n àwa ni a kan ilé rẹ̀, àwa ni a kùn ún, àwa sì ni a sọ ọ́ lórúkọ.

Ọkọ̀ àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé àti àwọn àlùfáà ni Morris Minor, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948. Ara rẹ̀ rí roboto bí ìṣù búrẹ́dì. Àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde kò ní iná tí ń ṣẹ́jú nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ yà; ọwọ́ kékeré kan ni ó máa ń yọ láti ìhà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ìwé tí ó na ọwọ́ láti dáhùn ìbéèrè. Bí ọwọ́ náà bá yọ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ìró ìdùnnú àwọn ọmọdé a gba ìgboro kan.

Volkswagen ni ó tẹ̀lé e, láti Jámánì, tí ilé iṣẹ́ Mandilas ń tà fún wa. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ ní Ìjàpá, orúkọ náà sì bá a mu. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ti alábahun, kì í sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà dá ènìyàn dúró lọ́nà. Ọgbọ́n Ìjàpá inú àlọ́ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni a ń di ẹrù sí, atẹ́gùn ni ó sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú dípò omi. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá ń hó lórí òkè, tí ọlọ́kọ̀ ń wá omi kiri nínú oòrùn ọ̀sán, Ìjàpá a rọra kọjá lọ. Ẹ gbìyànjú láti rántí bí ìró rẹ̀ ti rí ní òwúrọ̀ kùtù. Ọmọ tí ó wà lórí ẹní yóò gbọ́ ọ láti òkèèrè, yóò sì mọ̀ pé Bàbá Olùkọ́ ti jáde nílé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Peugeot gba ojú ọ̀nà. Èyí tí à ń pè ní 404 jáde ní ọdún 1960, 504 sì jáde ní ọdún 1968. 404 gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ọkọ̀ tí ó sì la ẹrẹ̀ àti eruku Kẹ́ńyà kọjá kò ní bẹ̀rù ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn tí ó ní ẹ̀yìn gígùn di ọkọ̀ èrò láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ọ̀nà tààrà láti Èkó lọ sí Ìbàdàn kò tíì ṣí, nítorí ọdún 1978 ni ó ṣí, ọ̀nà Ìkòròdú àti Ṣágámù, tàbí ti Abẹ́òkúta, ni a ń gbà. A ń gba inú ìlú kọjá, a ń rí ọjà, a ń rí ààfin, a ń gbọ́ bí èdè ti ń yí díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń ta àkàrà àti ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà. Ìrìn àjò náà pẹ́, ṣùgbọ́n a mọ ilẹ̀ wa.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹni tí kò bá sí láyé nígbà náà kò lè mọ bí ó ti rí. Ìyá àgbà tí ó ti ń wo ọ̀tún kí ó tó sọdá títì láti ìgbà tí ó ti mọ títì, ó di dandan kí ó kọ́ láti máa kọ́kọ́ wo òsì. Àwọn ọ̀dọ́langba ni wọ́n sì di olùkọ́ àwọn àgbà: “Mọ̀mọ́, òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò o!” Ọjọ́ náà kọ́ wa pé àṣà odindi orílẹ̀-èdè lè yí padà láàárọ̀ ọjọ́ kan bí ìdí bá wà tí a sì fi ohùn ṣọ̀kan.

Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó, ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná nínú ọdún kan náà. Owó tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní owó Udoji, sọ ọ̀pọ̀ akọ̀wé di ọlọ́kọ̀. Ọkọ̀ kún Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi pín ọjọ́ fún wọn gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ara wọn: èyí tí ó ṣe é pín sí méjì ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tí kò ṣe é pín náà ní tirẹ̀. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ń pa wá lónìí, ṣùgbọ́n ó sọ púpọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó báyìí; ó ku ti aṣọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò tíì wọ aṣọ tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn jọ wọ̀ rí, àfi bí ó bá jẹ́ ti ọdún ìbílẹ̀. Aṣọ ilé ìwé sọ ọmọ ọba àti ọmọ àgbẹ̀ di ọ̀kan náà láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ẹ rántí ṣòkòtò kákí péńpé tí a fi ògì ẹ̀gẹ́ lẹ̀, tí a sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ títí ìlà rẹ̀ fi mú bí ojú ọ̀bẹ. Ẹni tí kò ní áyọ́ọ̀nù a tẹ́ ṣòkòtò náà sí abẹ́ ẹní, a sì fi ara rẹ̀ lọ̀ ọ́ di ojúmọ́. Bàtà kánfáàsì kò wọ́pọ̀. Ẹni tí ó bá ní i a fi ẹfun pa á kí ó lè funfun.

Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí àti àwọn àbúrò wọn dàgbà di ọ̀dọ́langba, aṣọ wọn yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ṣòkòtò tí ó fún mọ́ ẹsẹ̀ ni ó gbayì. Ní àwọn ọdún 1970, ẹnu ṣòkòtò ṣí gbàgàdà, ó bo bàtà, ó sì ń wọ́ nílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláwàdà fi ń sọ pé ó ń bá ìjọba gbá títì Èkó. Bàtà a ga bí àpótí, irun orí a yọ bí agbòòrùn, òòyà a sì wà ní àpò ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kúrú aṣọ wọn dé orúnkún, nígbà mìíràn wọ́n kọjá orúnkún. Ìró àti bùbá gan-an di péńpé. Ìró àti bùbá péńpé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní òlèkú lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí a ti ń rí aṣọ náà gbà. Ọ̀dọ́ kò sábà lọ ra aṣọ rírán tán. Yóò tọ́jú owó ọ̀sẹ̀ púpọ̀, yóò ra yáàdì tẹ́rílíìnì lọ́jà, yóò mú un tọ télọ̀ lọ, yóò sì mú àwòrán tí ó gé nínú ìwé ìròyìn, tàbí páálí àwo orin kan, kí télọ̀ lè wò ó. Télọ̀ yóò wọn ọ́n, yóò fi ẹfun fa ìlà, yóò ní, “Ẹnu rẹ̀ á tó ínṣì mélòó?” Orí ọ̀rọ̀ ínṣì yìí ni àríyànjiyàn máa ń wà, nítorí pé ínṣì tí ọmọ fẹ́ kì í ṣe èyí tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí. Nítorí náà kò sí ṣòkòtò méjì tí ó bá ara wọn mu pátápátá ní àdúgbò kan. Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ wọ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Yorùbá ni ó gé e, òun ni ó sì rán an. Kí ni ó yàtọ̀ sí ti bọ́lẹ̀kájà?

Àwọn àgbà bínú sí ṣòkòtò náà. Wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, pé ọmọ tí ó wọ irú èyí kò lè ní láárí. Ẹ jẹ́ kí á fi òótọ́ inú sọ ọ́: àwọn tí ń bínú pé ẹnu ṣòkòtò ọmọ fẹ̀ jù ń wọ kẹ̀ǹbẹ̀, wọ́n sì gbé agbádá lé e, èyí tí ó ń gbálẹ̀ ju ti ọmọ lọ! Àwọn ọmọ tí wọ́n bú nígbà náà ni ó di dókítà, adájọ́, olùkọ́ àti ìjòyè lónìí. Àwọn mìíràn nínú wọn jókòó sínú ìpàdé yìí. Ó sì yani lẹ́nu pé àwa kan náà ni a ń fi ọ̀rọ̀ kan náà bú àwọn ọmọ ọmọ wa. Ìgbà ò lọ bí òréré. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ń lọ bí òréré.

Kì í ṣe pé aṣọ kò ní ìtumọ̀. Ó ní i púpọ̀. Ní Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Mojola Agbebi, ẹni tí ń jẹ́ David Brown Vincent tẹ́lẹ̀, padà sí orúkọ Yorùbá ní ọdún 1894, ó sì fi aṣọ ilẹ̀ wa rọ́pò ti òyìnbó. Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti ti lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí ó ń bá àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta jà lórí owó orí, ó bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà rò pé òun ga jù wọ́n lọ. Aṣọ sọ ohun tí ẹnu kò tíì sọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí á gbàgbé ohun tí a wọ̀ àti ìdí tí a fi wọ̀ ọ́.

Àwọn ìyá wa mọ èyí ju àwa ọkùnrin lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láyé, ara aṣọ àti orí irun ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Àwọn aláró fi àwòrán Ọba George àti aya rẹ̀ sí ara àdìrẹ nígbà àjọyọ̀ ọdún 1935. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní ọdún 1929, wà lára àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdándùn. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970, irun kan jáde tí a ń pè ní Ogun Parí. Nígbà tí wọ́n kọ́ afárá tuntun, irun jáde tí a ń pè ní Èkó Bíríìjì. Ilé alájà púpọ̀ náà sì bí Onílé Gogoro. Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun wọ̀nyí ní ọdún 1968, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni a fi ń rí wọn lónìí. Ọmọ Yorùbá kọ́ ni, síbẹ̀ ó tọ́jú ohun tí ó wà lórí àwọn ọmọ wa fún wa.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá. Láti ìgbà tí owó wa ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, ọkọ̀ tí àwọn ará òkè òkun ti lò rí ni a ń rà. A pè é ní tòkunbọ̀, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni aṣọ òkìrìkà, tí ẹlòmíràn ti wọ̀ gbó, gba ọjà, ọ̀pọ̀ télọ̀ sì ká ẹ̀rọ wọn kúrò nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Èkó dákẹ́ kí ọ̀rúndún náà tó parí. A kò bú ẹni tí ó ra tòkunbọ̀, nítorí pé ohun tí owó ẹni ká ni ènìyàn ń rà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: láyé ìjọ́hun, a ń gba ohun àjèjì, a sì ń fi ọwọ́ wa parí rẹ̀. Lónìí, àkísà ẹlòmíràn ni a ń rà, tiwa ni a sì ń dà nù.

Níbo ni àwọn ọkọ̀ àtijọ́ náà wà? Bọ́lẹ̀kájà ti di igi ìdáná. Irin fífúyẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ti di ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí àti ìlú mìíràn. Ìyẹn sàn díẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí, ẹ̀jẹ̀ wa, wà, àìní àti ọgbọ́n ọwọ́ ti mú kí ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti wà kí ọdún 1959 tó dé máa rìn ní ìgboro títí di àkókò tiwa. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Oníkàn ní Èkó, ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lọ wò ni Mercedes-Benz dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ó tọ́ kí á pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ó ha yẹ kí ó jẹ́ pé ọkọ̀ tí ikú wọ̀ nìkan ni a ó máa tọ́jú, kí á sì jẹ́ kí èyí tí ó gbé ìyá wa lọ sí ọjà, tí ó gbé wa lọ sí ilé ìwé, tí ó gbé ìyàwó wá sí ilé wa, jẹrà sí ẹ̀yìnkùlé?

Ọ̀nà kan wà. Akinwumi Isola kọ Ó Lekú ní ọdún 1974. Nígbà tí Tunde Kelani fi í ṣe fíìmù ní ọdún 1997, ìró àti bùbá péńpé jí dìde láàárín àwọn ọmọbìnrin tí a kò tíì bí nígbà tí àwọn ìyá wọn wọ̀ ọ́. Èyí fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ kò kórìíra ohun tiwa. Wọn kò rí i ni. Bí a bá fi hàn wọ́n, wọn yóò gbé e wọ̀, wọn yóò sì tún un dá gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí olúkúlùkù wa gbé àpótí àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó kọ orúkọ, ọdún àti ìlú sí ẹ̀yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ orúkọ aṣọ, orúkọ irun àti irú ọkọ̀ tí ó bá wà nínú rẹ̀. Àwòrán tí kò lórúkọ di ti àlejò lọ́jọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá kú. Èkejì, kí àwọn ọba àti ìjòyè wa mú ààyè kékeré kan sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí á gbé bọ́lẹ̀kájà kan síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iwájú orí rẹ̀, nígbà tí káfíńtà tí ó mọ̀ ọ́n kàn ṣì lè sọ bí a ti ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí á yé fi aṣọ bú àwọn ọmọ wa. Kí á pè wọ́n jókòó, kí á fi ṣòkòtò wa àtijọ́ hàn wọ́n, kí á jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa tẹ́rùn. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni wọn yóò bi wá léèrè, ìgbà náà ni ìtàn yóò sì wọlé sí wọn létí.

A kò ní ju báyìí lọ. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí àkísà wa tán nílé, kí ó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe aláìní aṣọ tuntun.